Ẹ ka ológbò yín kí ọkọ̀ tó gbéra

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, bí mo bá ti ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́, màá yà lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ ní Pósítọ́fíìsì, màá ra tiyín, màá kà á kí oorun tó gbé mi lọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ọ̀rọ̀ ológbò ló mú mi kọ ọ́ lónìí, mi ò sì kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo kó kúrò ní Ìlọrin kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mo fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá nígbà tí mo pé ọmọ 60 ọdún. Ọdún 19 ni mo fi gbé ilé kan ṣoṣo ní àdúgbò Tánkẹ́ ní Ìlọrin, débi pé àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn ti ń lọ yunifásítì, wọ́n á máa kí mi lójú ọ̀nà. Bàbá onílé kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé, wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́fà ká fi wábi gbà. Mi ò bá wọn jà. Ọkọ mi ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí Òmù-Àrán kí ó tó jáde láyé, òrùlé ti wà lórí rẹ̀, fèrèsé àti ilẹ̀kùn ló kù tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì ṣe. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo ní ó yá, kí n máa lọ.

Ẹrù kọ́ ni ìṣòro mi. Ológbò mẹ́ta ni mo ní. Àdùnní ni àgbà wọn, abilà ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ẹkùn, ó ti pé ọdún 9. Dúdú ni ọmọ tó bí, akọ ni, kò sí funfun kankan lára rẹ̀ àfi irun mẹ́ta mẹ́rin kan lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ̀kẹta ni Tìmùtìmù. Inú gọ́tà ni mo ti yọ ọ́ lọ́jọ́ òjò kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ nígbà náà, Àdùnní ló sì gbà á tọ́ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Báyìí, ó ti funfun, ó ti sanra, tó bá ká jọ sórí àga, ẹni tí kò mọ̀ á fẹ́ fi ẹ̀yìn tì í.

Àbúrò mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ni ológbò mọ̀, kò mọ ènìyàn. Tí ẹ bá gbé e dé ọ̀hún, á padà sí Tánkẹ́ ni.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ máa ń rí i tí ológbò ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nu ara ilẹ̀kùn, ara ẹsẹ̀ àga, ara ògiri. Òórùn ara rẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, òórùn tí imú tiwa kò lè gbọ́. Ohun tó fi ń mọ̀ pé ibí ni ilé òun nìyẹn. Tí ẹ bá wá gbé e lọ síbi tí òórùn yẹn kò sí, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò sọ pé kò mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí mo fojú rí ló jẹ́ kí n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tọkọtaya kan tó ń gbé ní fúláàtì tó kọjú sí tiwa kó lọ sí Àbújá. Wọ́n kó tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó fíríìjì, wọ́n tú okùn ìsáṣọ pàápàá dání. Wọn kò mú ológbò wọn. Ológbò yẹn jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì yẹn fún ọjọ́ 11. Mo ka ọjọ́ náà. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ díẹ̀, á tún padà lọ jókòó. Tí ọkọ̀ bá dúró lẹ́nu géètì, á dìde, á na ìrù sókè, á máa wo ẹni tó ń wọlé. Tó bá ti rí i pé kì í ṣe wọn, á tún lọ jókòó. Nígbà tí ayálégbé tuntun dé, wọ́n lé e, wọ́n da omi sí i lára. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i nínú gọ́tà, ó ti gan. Bóyá ẹnì kan ló fi májèlé lé e lọ́wọ́, bóyá eku tó ti jẹ májèlé ló jẹ, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Mo gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé, mo sin ín. Ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ibi tí mo bá ń kó lọ, àwọn ológbò mi ń bá mi lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìlọrin. Mo fẹ́ fi àyè yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà tó dá mi lóhùn níbẹ̀, torí ó fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀. Ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ó kọ káàdì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní kí n má ṣe fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, omi nìkan, kí wọ́n má baà máa bì lọ́nà. Ó ní kí oníkálukú wà nínú agọ̀ tirẹ̀, kí n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo agọ̀ náà, torí ohun tí ológbò kò bá rí kò ní bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Mo wá béèrè nípa oògùn oorun, nítorí aládùúgbò mi kan ti gbà mí nímọ̀ràn pé kí n dá páráṣítámọ̀ sí méjì, kí n lọ̀ ọ́ mọ́ ẹja fún wọn, wọ́n á sùn dé Òmù-Àrán. Ojú dókítà yí padà. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, páráṣítámọ̀ máa ń pa ológbò.” Ó ní ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè palẹ̀ oògùn náà mọ́ bíi tiwa, pé á ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé èémí káàkiri ara mọ́, ojú á wú, ẹnu á sì dúdú. Hóró kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀. Ó lé ní 30 ọdún tí mo fi pín páráṣítámọ̀ fún ènìyàn, Olóòtú, mi ò gbọ́ èyí rí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kódà bí ẹ kò bá mú òmíràn nínú lẹ́tà mi.

Àpótí oníke tí wọ́n ń gbé ológbò sí, mo béèrè owó rẹ̀, ó ju agbára mi lọ. Mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ra agọ̀ adìyẹ, irú èyí tí wọ́n hun tó jinlẹ̀ tó lè gba àgbébọ̀ àti ọmọ rẹ̀. Méjì ló kù lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ fún ìkẹta. Mi ò padà lọ mọ́. Mo ní páálí á tó fún Tìmùtìmù, mo fi ọ̀bẹ lu ihò sí i lára kí atẹ́gùn lè wọlé, mo fi téèpù lẹ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkọ̀ gbọọrọ kan ni, èyí tí wọ́n ṣe bí ilé: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìtọ̀ pàápàá wà. Tọkọtaya kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ológbò méjì, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú mìíràn. Ìyàwó ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ tí àwọn bá máa ṣí kúrò níbì kan ni wàhálà máa ń pọ̀ jù, nítorí bí ológbò bá ti gbọ́ tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́, á ti ki ara bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ti wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ògiri irú ọkọ̀ yẹn máa ń yọ síta kí àyè lè gbòòrò, wọ́n á sì tún fà á wọlé tí wọ́n bá fẹ́ lọ. Bí ológbò bá wà níbi tí ògiri ń gbà, ó lè run ún mọ́bẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ kì í fi í fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ títí wọ́n á fi rí ológbò méjèèjì. Ó tẹnu mọ́ ọn: kí èèyàn fojú rí wọn, kí ó má kàn rò pé wọ́n wà níbẹ̀. Mo wò ó tán, mo ní Ọlọ́run kú iṣẹ́, ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Fẹ́búárì ni mo kó. Dẹ́rẹ́bà tí mo háyà bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ₦85,000 sọ pé aago 7 àárọ̀. Aago 9 kọjá kó tó dé. Mo ti ti àwọn ológbò mọ́ balùwẹ̀ láti òru kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn, Dúdú sì ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. A di ẹrù títí, ó ku agọ̀ àti páálí. Ọmọ àbúrò mi gbé Dúdú jáde. Bí dẹ́rẹ́bà ṣe bojú wo inú agọ̀ náà tó rí ẹyinjú ológbò, ó fi ẹ̀yìn rìn.

“Màmá, kí nìyẹn?”

“Ológbò mi ni, ọmọ mi.”

“Dúdú?” Ó mi orí. “Màmá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè gbé ológbò dúdú. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin.”

Ó ti ń sọ fún ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ pé kó máa tú okùn ẹrù. Mi ò bú u. Mo ti rí ìbẹ̀rù nínú yàrá ìgbẹ̀bí, mo mọ̀ pé ariwo kì í lé e lọ. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: nígbà tí a ń ná owó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti àga ni mo kà fún un, mi ò dárúkọ ológbò. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní màá fi ₦5,000 kún un, ó kọ̀. Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Ọkùnrin kan láti agboolé kejì ní kí n kúkú fún òun ní dúdú yẹn, pé òun mọ ẹni tó máa sanwó gidi lé e lórí. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo gba agọ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ, mo gbé e mọ́ àyà, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n.

Àfáà mọ́ṣáláṣí wa, bàbá tó ti lé ní 70 ọdún, ló yà láti ojú ọ̀nà. Ó gbọ́ ẹjọ́ tán, ó bi dẹ́rẹ́bà bóyá mùsùlùmí ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní kó jókòó. Ó wá sọ ìtàn Abu Qatada fún un, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ẹni tó tẹ igbá omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀ kí ológbò lè mu níbẹ̀, tó ní Ànábì sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ara àwọn tó ń rìn yí wa ká nínú ilé ni. Ó tún sọ ti obìnrin tó so ológbò mọ́lẹ̀, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò tú u sílẹ̀ kó wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ, tí ó tìtorí bẹ́ẹ̀ wọ iná. Dẹ́rẹ́bà dákẹ́ pẹ́.

“Àfáà, ti èyí tó dúdú ńkọ́?”

“Ṣé o gbọ́ pé wọ́n yọ dúdú sílẹ̀?”

Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n fi aṣọ bò ó, òun kò fẹ́ kó máa wo òun lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà ṣáà ti wí. A kúrò ní Tánkẹ́ nígbà tí aago 11 ti lé ní 20 ìṣẹ́jú, oòrùn ti wọ inú ọkọ̀ wá.

Láti Gáréèjì Ọ̀fà títí a fi kọjá Gánmọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Ooru Fẹ́búárì nínú bọ́ọ̀sì tí ẹrù kún, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Dúdú ń ké, Tìmùtìmù ń ké, èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni Àdùnní tí kò ké rárá. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó yọ ahọ́n, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ajá. Ajá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó má ṣe nǹkan kan. Ológbò tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ooru tàbí ìpáyà ti wọ̀ ọ́ lára ni. Mo tú omi inú ọ̀rá sí aṣọ, mo fi ń nu etí rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Òórùn ìtọ̀ ti gba inú ọkọ̀, mo mọ̀ pé láti inú páálí ni, mo ní tí a bá dé ilé màá fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí a kọjá Ìdófìàn, Tìmùtìmù dákẹ́. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti sùn.

Nígbà tí a dé oríta Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà ti yà kúrò lára tiwa, ọkọ̀ ti gbóná. Dẹ́rẹ́bà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún wa kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́. Ọmọ àbúrò mi lọ ra omi. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀, mo na ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri. Ó tó 20 ìṣẹ́jú kí ẹ́ńjìnnì tó tutù. Dẹ́rẹ́bà bu omi sí i, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó ní ó yá o, ká wọlé. Ó ti jókòó sídìí ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin inú fídíò yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo na ọwọ́ sí páálí kí n lè fojú rí Tìmùtìmù. Páálí náà fúyẹ́. Mo gbé e sókè, ìdí rẹ̀ kò bá a dìde: ìtọ̀ ti rẹ ẹ́, téèpù ti tú, ó ti já sílẹ̀ bí ẹ̀kọ tó rọ̀. Kò sí ológbò níbẹ̀.

“Má tan ọkọ̀! Ọmọ mi, má tan ọkọ̀!”

Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú mi. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò. A yẹ abẹ́ àga wò, a tú mátírẹ́ẹ̀sì, a wo àárín ìkòkò, a ṣí àpótí aṣọ. Kò sí. Mo wo ọ̀nà: tírélà ń kọjá, ọ̀kadà ń kọjá, àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Bí ó bá ti bọ́ sí títì, ó ti tán. Mo ti ń sunkún. Ọmọdébìnrin kan tó gbé ẹ̀pà lórí ló wá sọ pé, “Ìyá, nǹkan funfun kan sá wọ abẹ́ ọkọ̀ yín.”

Ọmọ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Dẹ́rẹ́bà ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀, ó fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo ń rí.

“Màmá, mo rí i.”

Orí táyà ẹ̀sítírà tí wọ́n so sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn ló wà. Ó ti ki ara bọ àárín táyà àti irin, ìrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàfùtù tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fi ojú inú wò ó, Olóòtú. Bí a bá ti tan ọkọ̀ yẹn, tó bá ti yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, mo wá rí i: ojú rẹ̀ fẹ̀, ó dúdú rìbìtì, èékánná rẹ̀ gún inú rọ́bà táyà, ọ́ìlì ti kun imú funfun yẹn. Mo pe orúkọ rẹ̀. Etí rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n kò sún. Dẹ́rẹ́bà ní kí n dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é jẹ́jẹ́, “Púsì, púsì, ọmọ dáadáa, wá,” bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó na ọwọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ológbò ha á láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, mo rí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Kò fà sẹ́yìn. Ó di awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fi ẹnu gbé e, ó tú èékánná rẹ̀ kúrò lára táyà níkọ̀ọ̀kan. Mo ti tú ìborùn mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Tìmùtìmù ki orí bọ abẹ́ abíyá mi, kò yọ ọ́ jáde mọ́.

“Màmá, ó ń gbọ̀n,” ni dẹ́rẹ́bà wí. “Bí ọmọ mi kékeré ṣe máa ń gbọ̀n tí ibà bá mú un nìyí.”

Mo ní kó jókòó kí n fọ ọwọ́ rẹ̀. Ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú 15 gbáko. Omi inú ọ̀rá méje ló lọ sí i. Ohun tí à ń kọ́ni nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tí ẹranko bá gé jẹ tàbí tó ha lára, yálà ẹran náà gba abẹ́rẹ́ tàbí kò gbà, torí dìgbòlugi tó bá ti farahàn lára ènìyàn, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tó yè é. Mo fi káàdì abẹ́rẹ́ Tìmùtìmù hàn án, mo sì ní kó lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì) ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ti lọ. Mo pè é láti béèrè.

Mi ò dá a padà sínú páálí. Mo ṣí agọ̀ Àdùnní, mo gbé e sọ́dọ̀ rẹ̀. Àdùnní tó ti ń mí hẹlẹ láti Gánmọ pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá etí ọmọ tó gbà tọ́, ó ń lá ọ́ìlì kúrò lójú rẹ̀ títí mo fi fi aṣọ nù ún kí ó má baà gbé e mì. Kí dẹ́rẹ́bà tó tan ọkọ̀, ó yíjú padà, ó ní, “Màmá, mélòó ni wọ́n?” Mo ṣí aṣọ, mo wò wọ́n, mo ní mẹ́ta. Aago 3 ààbọ̀ ni a wọ Òmù-Àrán.

Yàrá ẹ̀yìn ni mo kó wọn sí, mo ti fèrèsé, mo bu yanrìn sí bàsíà kan, mo sì tẹ́ aṣọ ìbora àtijọ́ tí wọ́n ń sùn lé ní Tánkẹ́ láìfọ̀, kí wọ́n lè gbọ́ òórùn ara wọn níbẹ̀. Àdùnní jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Dúdú jẹ lọ́jọ́ kejì. Tìmùtìmù kò fẹnu kan nǹkan kan fún ọjọ́ méjì, ojú mi kò sì gbà á, nítorí dókítà ti sọ pé ológbò tó sanra kì í gbààwẹ̀ pẹ́ kó má kó bá ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Mo se panla, mo fi ìka kan omi rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ìdájí ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ tí abọ́ ń dún lórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tì wọ́n mọ́lé kí n tó jẹ́ kí wọ́n jáde, ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀, kí oúnjẹ lè pè wọ́n wálé. Kò sí èyí tó wá ọ̀nà Ìlọrin lọ. Èkúté tó ti ń gbé ilé náà láti ìgbà tí kò ti sí ènìyàn ńbẹ̀ ló kó ẹrù tirẹ̀.

Olóòtú, ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Bí oṣù January bá ti wọlé, tàbí tí ìjọba bá gbé òṣìṣẹ́ lọ síbòmíràn, gbogbo Ìlọrin ló máa ń kó. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù wọ̀nyẹn, ológbò mélòó ló ń jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí a ti tì? Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè mú wọn lọ, ẹ wá ẹni tó máa gbà wọ́n, ẹ fa wọ́n lé e lọ́wọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà láti ìgbà tí ẹ ti ń ná owó ọkọ̀, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà, tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ tètè sọ, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹrù ti wà lókè ọkọ̀. Ẹ má sì gbé ológbò sínú páálí. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ìtọ̀ ṣe sí tèmi.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń hun agọ̀ ní Ìlọrin àti ní ìlú Ìgbómìnà gbogbo. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ló kó ológbò mi méjì dé ilé láìsí ewu. Ẹ bá wa hun èyí tó ní ìdí líle àti ilẹ̀kùn tó ṣeé so, tí kò ní fẹ̀ jù fún orí itan. A ó rà á. Owó rẹ̀ kò ní tó ìdajì ti oníke tó ń ti òkè òkun wá. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún àwọn dókítà ẹran láyè nínú ìwé ìròyìn yín, kódà bí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n máa bá wa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ páráṣítámọ̀ yẹn nìkan á gba ẹ̀mí là.

Mo ti lọ ra agọ̀ kẹta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè àjà mi, mo ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ti gbẹ. Ẹnikẹ́ni ní Òmù-Àrán àti agbègbè rẹ̀ tó bá fẹ́ kó ológbò rẹ̀ rìnrìn àjò, kó kọ̀wé sí yín, kí ẹ fi tó mi létí. Màá yá a, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara